Ìjà Ọkọ̀ Òṣùpá

Ọkọ̀ tí Grumman kàn ló gbé Armstrong balẹ̀ sórí òṣùpá ní 1969. Northrop ra Grumman ní 1994, ẹ̀yìn Blue Origin ni wọ́n sì wà ní 2021, àmọ́ SpaceX nìkan ni NASA gbé iṣẹ́ tuntun fún: bílíọ̀nù dọ́là 2.89. Iye tí Blue Origin dá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6. Ìgbà tí ọjà tú tán ni Bezos ní òun á yọ bílíọ̀nù 2. Ẹ gbọ́ ná, kí ló ń wò tẹ́lẹ̀? Ilé iṣẹ́ rẹ̀ pẹjọ́, wọ́n pàdánù; iṣẹ́ sì dúró lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ mi ò lè bú wọn. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo yẹn bá kùnà, èwo ni wọn ó wọ̀? Ní 2023, NASA fún Blue Origin náà ní bílíọ̀nù 3.4.