Níbo La Ó Ti Jẹun Lọ́nà?

Bí ará Èkó bá fẹ́ fi mọ́tò lọ sí Ìlọrin, tí kò sì kánjú, kò sí ohun tó le nínú ètò ọjọ́ náà. Á jí ní kùtùkùtù, á sì dé Ìbàdàn kí oòrùn tó mú. Á gun Òkè Màpó lọ wo bí òrùlé páànù ṣe tẹ́ lọ rẹrẹ, á wá búkà kan tí àmàlà rẹ̀ gbóná, tí gbẹ̀gìrì rẹ̀ sì kúnná. Lẹ́yìn èyí, á yà ní Ọ̀yọ́ lọ wo àwọn tó ń fín igbá. Bí àríyànjiyàn bá tilẹ̀ wà nínú ọkọ̀, kò ju ta ni yóò sanwó ẹran lọ.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ìbéèrè kékeré yìí, "níbo la ó ti jẹun lọ́nà?", máa ń já àyà àgbàlagbà. Àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀ ni mo ń wí, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Nígbà tí mọ́tò di ohun tí òṣìṣẹ́ lè rà, àwọn náà rà á. Kí ló dé tí wọn ò ní rà á? Nínú bọ́ọ̀sì àti rélùwéè ìhà gúúsù, òfin ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú mọ́tò tirẹ̀, ta ni yóò ní kí o dìde?

Àmọ́ mọ́tò ń mu epo, awakọ̀ ń jẹun, ọmọdé ń tọ̀, ilẹ̀ sì ń ṣú. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ní gúúsù, òfin ló ti ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì mọ́ wọn. Ní àríwá, àṣà lásán ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí a tì, ìlẹ̀kùn tí a tì ni. Elépo a gba owó rẹ tán, a ní o ò gbọdọ̀ wọ ilé ìtura òun. Ìlú mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, ó lè fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i.

Nítorí náà, ilé ni ìrìn àjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá á dín adìyẹ, á se ẹyin, á kó wọn sínú páálí bàtà. Bàbá á gbé agolo epo sẹ́yìn ọkọ̀, wọn á mú kúbùsù bí ó bá di pé inú ọkọ̀ ni wọ́n sùn, wọn á sì mú agolo òfìfo kan fún ìtọ̀ àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ rò pé fàájì ni. Òbí wọn ò ṣàlàyé fún wọn.

Ọkùnrin kan ní Harlem, ní New York, ló wá nǹkan ṣe sí i. Victor Hugo Green ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn tí í gbé lẹ́tà kiri ojúlé. Ní 1936 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tó sọ ibi tí ènìyàn dúdú lè yà sí láìsí ìwọ̀sí. Green Book ni wọ́n ń pè é. Agbègbè New York nìkan ló kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀; kò pẹ́ tó fi kárí ìlú. Ta ló kó àdírẹ́sì náà jọ? Àwọn agbélẹ́tà ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò tó kọ̀wé sí i náà wà níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Bí o bá ṣí i, ìpínlẹ̀ àti ìlú ló tò tẹ̀ léra: hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ, ilé epo, onígbàjámọ̀, télọ̀, àti ilé àwọn ìyá kan tó ń fi yàrá wọn gba àlejò. Ẹni tó gbọ́n, ibi tí yóò sùn ló ń kọ́kọ́ wá, á wá ka máìlì padà láti ibẹ̀ kó tó mọ ibi tí yóò ti jẹun ọ̀sán. Bí ìlú kan bá sì dára láti wò, tí kò sí ojúlé kankan lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ojú fèrèsé ọkọ̀ ni wọ́n ti ń wò ó kọjá.

Síbẹ̀, adùn wà lọ́nà náà. Ní New Orleans, ilé oúnjẹ Dooky Chase, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1941, ń se gumbo, ọbẹ̀ kan tó jẹ́ pé orúkọ ilá ní èdè Áfíríkà ló bí orúkọ rẹ̀. Òkè ilé náà ni àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ènìyàn dúdú ti ń pàdé.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ọ̀hún nìkan ni o. Ní oṣù kẹwàá 1957, ọdún tí Ghana gba òmìnira, mínísítà ètò ìnáwó wọn, Komla Gbedemah, yà sí ilé oúnjẹ kan ní ìpínlẹ̀ Delaware láti mu omi ọsàn. Wọ́n ní kò lè jókòó mu ún níbẹ̀. Ariwo náà pọ̀ débi pé Ààrẹ Eisenhower pè é wá jẹun àárọ̀ ní White House. Ní 1961, ó tún kan Malick Sow, aṣojú ilẹ̀ Chad: wọn ò jẹ́ kó jókòó mu kọfí lójú ọ̀nà Maryland. Mínísítà rí ààrẹ bá jẹun. Ta ni òṣìṣẹ́ lásán máa rí?

Ìrètí Green ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní nílò ìwé òun mọ́. Oníṣòwò mélòó ló ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀? Ó kú ní 1960, ojú rẹ̀ ò tó o. Ìyàwó rẹ̀, Alma, ló ń bá a lọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje 1964, Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin tó ṣí ilẹ̀kùn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn. Ìwé tó jáde fún 1966 sí 1967 ló ṣe ìkẹyìn.

Ayọ̀ ni, àmọ́ ó ní ìyà tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà gbogbo ṣí, àwọn oníbàárà fọ́n ká, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tó gbà wọ́n lálẹ́ sì kógbá sílé. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú wọn. Lorraine Motel ní Memphis, tó wà nínú ìwé náà, tí wọ́n sì ti yìnbọn pa Martin Luther King ní 1968, ti di ilé ìtàn láti 1991.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún jókòó ní búkà lójú ọ̀nà, tí olóúnjẹ ní, "Ẹ káàbọ̀ o, kí lẹ fẹ́ jẹ?", ẹ rántí pé àwọn ará wa kan wà rí tó jẹ́ pé inú ìwé ni wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò kí wọn bẹ́ẹ̀.