Asọ̀rọ̀mágbèsì: bí ohùn ṣe ń ti yàrá kan dé yàrá kejì

Ẹ má wo ojú mi lónìí o, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, tíì lásán ni mo mu tí mo fi jókòó síbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu láti ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, màmá mi wá láti Ìbàdàn wá bá mi tọ́jú ọmọ. Ilé ìdáná ni màmá máa ń jókòó sí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa gbọ́ ìròyìn Yorùbá láàárọ̀, bí àwọn ṣe ń gbọ́ ọ nílé. Mo ní kò burú. Risífà ńlá tó ń gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n wa jáde wà ní pálọ̀, wọ́n sì kọ "Zone 2" sí i lẹ́yìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èèyàn lè fa ohùn láti ara rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn. Mo ra sípíkà méjì, mo fa wáyà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo fi HDMI so àpótí kékeré tó ń gba rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ risífà. Mo tan án. Pálọ̀ ń pariwo, ilé ìdáná dákẹ́ lọ gbári.

Màmá wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé asọ̀rọ̀mágbèsì tìẹ yadi ni?"

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ló jẹ́ kí n máa wádìí kiri, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Ní ọdún 1881, ní ìlú Paris, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clément Ader gbé ẹ̀rọ tẹlifóònù sí iwájú orí ìtàgé ilé Opéra, ó sì fa wáyà rẹ̀ lọ sí ibi àfihàn kan nígboro. Àwọn tó lọ síbẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kan sí etí ọ̀tún, òmíràn sí etí òsì, wọ́n ń gbọ́ orin bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀. Nígbà tó di 1895, irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń pè é ní Electrophone. Ẹni tó bá lówó lè jókòó sílé rẹ̀, kó máa gbọ́ eré orí ìtàgé tàbí ìwàásù láti ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó wù mí jù nínú rẹ̀, bí mo ṣe jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni pé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n fa wáyà náà dé ilé ìwòsàn, kí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ lè máa gbọ́ orin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti jókòó ti aláìsàn lóru rí, ẹ mọ ohun tí ohùn èèyàn lè ṣe fún ẹni tí oorun ò kùn.

Rédíò ló pa Electrophone. BBC bẹ̀rẹ̀ ní 1922, nígbà tó fi máa di 1925, Electrophone ti kógbá sílé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ní 1925 kan náà, ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò iná mànàmáná ní Hythe, nítòsí Southampton, A. W. Maton, rí i pé rédíò kan ṣoṣo lè gbé ju sípíkà kan lọ. Ló bá fa wáyà dé ilé àwọn aládùúgbò. Rédíò wọ́n nígbà náà, ó sì ń yọni lẹ́nu. Sípíkà inú àpótí pákó kò wọ́n. Ẹni tí kò lè ra rédíò lè máa san owó díẹ̀díẹ̀, kó sì máa gbọ́ ohun tí ọlọ́rédíò ń gbọ́. Látibẹ̀ ni òwò náà ti gbilẹ̀, ilé iṣẹ́ Rediffusion sì di ńlá lórí rẹ̀.

Ẹ̀rọ yìí gan-an ni ìjọba amúnisìn gbé dé Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà láti ọ́fíìsì kan sí inú ilé àwọn èèyàn, wọ́n ń gba ètò BBC, wọ́n sì ń há a fún àwọn tó sanwó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kan lára ògiri ni. Ẹ lè mú ohùn rẹ̀ lọ sókè tàbí wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè yí i sí ibòmíràn. Ohun tí ọ́fíìsì bá yàn ni gbogbo ilé ń gbọ́.

Àwọn bàbá wa wo àpótí yìí, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. A máa sọ̀rọ̀, kò ní gba èsì. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní 1953, lẹ́yìn ìjà lórí ọ̀rọ̀ òmìnira ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, gómìnà, Sir John Macpherson, bọ́ sórí rédíò, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì. Wọ́n kọ̀. Nígbà tí òfin tuntun fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè láti ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, Ìwọ̀ Oòrùn dá tirẹ̀ sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n WNTV sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Ta ni wọ́n bá dòwò pọ̀? Rediffusion kan náà ni! Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó fèsì ló lọ kọ́ ẹnu tirẹ̀.

Nígbà tí rédíò kékeré oníbátìrì pọ̀ nígboro, àpótí ara ògiri pa rẹ́. Màmá ní ti bàbá àwọn wà lára ògiri títí aláǹtakùn fi ta sí i.

Ó dáa, risífà mi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ risífà, pàápàá àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, ohùn tó bá gba ojú analog wọlé nìkan ni Zone 2 wọn ń gbé. Èyí tó bá gba HDMI wọlé, pálọ̀ ló máa parí sí, torí pé wọn ò fi ohun tó máa ń yí i padà sí i fún yàrá kejì. Mo fi wáyà pupa àti funfun so àpótí náà mọ́ risífà lẹ́ẹ̀kan sí i, ilé ìdáná sì lanu.

Láti ọjọ́ náà, màmá ń dá rédíò lóhùn. "Irọ́ ni!" "Ẹ ò sọ gbogbo rẹ̀!" Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn látọjọ́ yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá àgbà pariwo "Irọ́ ni!" Ó ń dá rédíò lóhùn ní Yorùbá, kò sì tíì dá èmi lóhùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ó dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́. Torí mo rántí ara mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo dé Ìlú Ọba, kò sì pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì dá bàbá mi lóhùn. Wọ́n á sọ Yorùbá, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, màá ní "okay, Dad." Bàbá ti lọ. Èmi ni mo sọ wọ́n di asọ̀rọ̀mágbèsì nínú ilé ara wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ mi yé títí débí, ó túmọ̀ sí pé wáyà ti dé yàrá yín. Ẹni tó fà á síbẹ̀ ń retí èsì. Ẹ pè wọ́n lónìí. Bó bá tiẹ̀ ń já mọ́ yín lẹ́nu, ẹ fi Yorùbá fèsì, wọn ò ní ṣírò àṣìṣe yín.

Màmá ti padà sí Ìbàdàn. Láàárọ̀, a ṣì máa ń tan rédíò ilé ìdáná. Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pe rédíò nílé tiyín sí abẹ́ fídíò yìí fún mi. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn. Ó dàbọ̀ o.