Oṣó, Jagunjagun àti Ìṣòro Ìdọ́gba

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín o, eré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Òfin eré náà ní ìtàn, ìtàn ọ̀hún sì kan ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo.

Ní 1971, Gary Gygax àti Jeff Perren gbé Chainmail jáde ní Amẹ́ríkà. Ìwé òfin eré ogun ni, tí wọ́n ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké ṣe lórí tábìlì. Oṣó wà nínú rẹ̀, tí mànàmáná rẹ̀ ń ṣọṣẹ́ bí ìbọn àgbá. Ìyẹn ò dá wàhálà sílẹ̀, torí ẹnì kan náà ló ń darí oṣó àti ọmọ ogun tó kù.

Ní 1974, Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde. Níbẹ̀, oníkálukú di ẹnì kan ṣoṣo nínú ìtàn: ìwọ jẹ́ oṣó, èmi jẹ́ jagunjagun. Bí oṣó bá lè dá pa gbogbo ọ̀tá, kí lèmi wá ṣe níbẹ̀?

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí oṣó kọ́kọ́ jìyà. Kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù irin. Ní ìpele kìíní, ọfọ̀ kan péré ló ní. Tó bá ti pè é tán, ó gbàgbé rẹ̀ nìyẹn. Inú ìtàn Jack Vance ni wọ́n ti mú èrò ìgbàgbé yìí. Nínú àfikún Greyhawk, ní 1975, dáìsì ojú 4 ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀mí oṣó, ojú 8 ni ti jagunjagun. Ṣùgbọ́n bí oṣó bá dàgbà, apá ò ní ká a mọ́.

Ṣé ẹ rí i? Bí a bá ro gbogbo ìrìn àjò wọn pọ̀, ó dọ́gba. Ní ìjókòó kan ṣoṣo, kò dọ́gba rárá. Lákọ̀ọ́kọ́, oṣó ń káwọ́ gbera. Nígbẹ̀yìn, jagunjagun di òǹwòran. Ẹni tó sì fi eré sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyà nìkan ló jẹ.

Ẹ̀dà kẹrin, ní 2008, fún gbogbo wọn ní agbára tí ètò rẹ̀ jọra: èyí tó wà fún ìgbàkigbà, èyí tó wà fún ẹ̀ẹ̀kan lójú ìjà, èyí tó wà fún ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ ráhùn pé oṣó àti jagunjagun ti di ọ̀kan náà. Ní 2014, ẹ̀dà karùn-ún wá àárín: oṣó ní ọfọ̀ kéékèèké tí kì í tán, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ńlá ń gba àfiyèsí, kò sì lè di irú wọn méjì mú pọ̀.

Lójú tèmi, ìbéèrè gidi ni pé, ìgbà wo là ń wọn ìdọ́gba? Bí wọ́n bá ní kí ẹ ní sùúrù, pé tiyín ń bọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá eré náà á pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.