Eruku Tó Dábùú Ọ̀nà Ìmọ́lẹ̀ Ìràwọ̀

Nígbà tí ìràwọ̀ kan bú gbàmù lọ́dún 1572, ní apá ojú ọ̀run tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní Cassiopeia, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tàn débi pé ojú lásán ń rí i lọ́sàn-án gangan, Tycho Brahe, ọ̀tọ̀kùlú ilẹ̀ Dẹ́ńmákì, a-fòru-ka-ìràwọ̀-má-tòògbé, kọ ìwé lórí rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ mìíràn tó bú ní apá kan náà dé ayé, ṣùgbọ́n ariwo kankan kò sọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀ràn ti ní awò awọ̀nàjíjìn tí Tycho kò ní. Ọdún 1948 ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Ryle àti Graham-Smith tó fi ẹ̀rọ rédíò ṣàwárí àwókù rẹ̀ ní Cambridge. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: eruku ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀ràn di ẹ̀bi náà rù.

Ègé tín-ín-tín òkúta àti èédú ni eruku yìí, tó ń rìn gbéregbère láàárín àwọn ìràwọ̀. Ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ wọn di bàìbàì bí ọyẹ́ ti ń ṣe sí oòrùn, àwọ̀ aró ni ó sì ń sé mọ́ jù, tí ó ń jẹ́ kí pupa kọjá. Ẹni tó bá ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ọ̀nà yóò wá pe ìràwọ̀ ìtòsí ní ti ọ̀nà jíjìn.

Onímọ̀ ìràwọ̀ Struve ti sọ ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1847 pé nǹkan ń sé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ lọ́nà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ etí dídi. Ọdún 1930 ni Robert Trumpler, ní Lick Observatory ní Kalifóníà, mú ẹ̀rí dé. Ó rí i pé, bí a bá gbà pé jíjìnnà nìkan ló sọ agbo ìràwọ̀ di bàìbàì, a jẹ́ pé bí agbo kọ̀ọ̀kan bá ti jìnnà sí wa tó ni yóò ṣe tóbi tó, àfi bí ẹni pé àwa ni gbogbo wọn fi ṣe òṣùwọ̀n. Trumpler kò gba irú àsọdùn bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Lọ́dún 1998, nígbà tí àwọn ìràwọ̀ abúgbàmù ọ̀nà jíjìn ṣókùnkùn ju bí a ti rò lọ, tí a sì fi èyí kéde pé bí àgbáńlá ayé ti ń fẹ̀ ń yára sí i, àwọn kan dáhùn pé eruku ni. A wá pupa tí eruku máa ń fà lára àwọn ìràwọ̀ náà, kò tó bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ kan, Aguirre, ní ó lè jẹ́ eruku aláwọ̀ eérú, tó ń sé gbogbo àwọ̀ dọ́gba. Àtakò tó gún régé ni, lójú tèmi. Lọ́dún 2001, a rí i pé ìràwọ̀ abúgbàmù SN 1997ff, tó jìnnà ju àwọn ti ìṣáájú lọ, mọ́lẹ̀ ju ohun tí irú eruku bẹ́ẹ̀ yóò gbà láyè, ọwọ́ àtakò náà sì rọ.

Síbẹ̀ ẹjọ́ eruku kò tán. Lọ́dún 2014, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan tó bú ní M82, agbájọ ìràwọ̀ mìíràn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 ọdún kó tó kàn wá, dé ọ̀dọ̀ wa; eruku bo ìràwọ̀ náà gidigidi. Nígbà tí a yẹ àwọ̀ rẹ̀ wò, bí eruku ibẹ̀ ti ń sé aró kò bá ti eruku àdúgbò wa mu, ìṣirò tirẹ̀ sì di ọ̀tọ̀.