Ilé Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Fádà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Tí ẹ bá wọ mọ́tò ní Adó, tí ẹ kọjá Ìfàkì, tí ẹ ń lọ sí Ìkọ̀lé, ẹ ó gba Ọ̀yẹ́ kọjá. FUOYE ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi mọ ìlú náà lónìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti 1947.

Àwọn fádà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ SMA ló dá a sílẹ̀: Kevin Carroll àti Sean O'Mahony. Wọ́n kó àwọn agbẹ́gilére, ahunṣọ àti àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ jọ, wọ́n ní kí wọ́n ṣe ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì lọ́nà ti Yorùbá.

Ẹ rántí pé lójú ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ìgbà náà, ẹni tó gbẹ́ ère ti bọ òrìṣà nìyẹn. Síbẹ̀, àwọn fádà yìí pe Bándélé, ọmọ Aréògún ti Ọ̀sì, ní apá ibi tó di Kwara lónìí. Baba rẹ̀ yìí ló gbẹ́ ère Ẹpa tí òkìkí rẹ̀ kàn. Nínú ère ìbí Jésù tí wọ́n ṣe l'Ọ́yẹ̀ẹ́, àwọn ọba mẹ́ta tó wá kí ọmọ náà múra bí ọba Yorùbá.

Lámídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí láti Ìlá-Ọ̀ràngún, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Òun ló padà gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun náà ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní OAU, Ilé-Ifẹ̀.

Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 1954. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló gba iṣẹ́ ọnà wa là. Àwọn mìíràn ní ńṣe ló já a gbà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Lójú tèmi, ohun tí Ọ̀yẹ́ dá sí ni ẹ̀kọ́ṣẹ́: ọ̀gá ń kọ́ ọmọ, ọmọ náà ń di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ère Ẹpa kò pé láìsí ẹni tó gbé e rù, láìsí ìlù, láìsí obìnrin tó ń ki í. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì lè gbé. Àwa tá a ni ìlú ni iṣẹ́ ọ̀hún kù sí lọ́wọ́.

Tí wọ́n bá ń ṣọdún Ẹpa nílùú yín, ẹ béèrè ẹni tó gbẹ́ ère náà, àti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná.