Ọ́ìlì Wo Ni Ká Dà sí Mọ́tò Àgbà?

Corolla 1993 tó wà nílé wa ti dàgbà ju àbíkẹ́yìn wa lọ. Tọ́kunbọ̀ ni Bàbá rà á, òun ni wọ́n sì fi kó gbogbo wa lọ síléèwé. Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì bíi pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Tá a bá ṣíná sí i láàárọ̀, èéfín aláwọ̀ búlúù á bo ọgbà.

A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tuntun. Wọ́n da ọ́ìlì 0W-20 sí i, èéfín ò lọ. Nígbà tá a padà lọ, wọn ò tiẹ̀ ṣí ẹ́ńjìnnì wò. Wọ́n ní ká pààrọ̀ ẹ̀. Owó tí wọ́n kọ síwèé fẹ́rẹ̀ẹ́ ra mọ́tò míì. Bàbá ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975, iléeṣẹ́ tó ń to Peugeot pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Oṣù yẹn náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Owó epo rọ̀bì ń wọlé, òṣìṣẹ́ ìjọba ń yá owó ra mọ́tò tuntun. Ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún wọn ni wọ́n ń gbé e lọ fún àtúnṣe. Nígbà tí SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, tuntun wọ́n ju agbára wa lọ. Tọ́kunbọ̀ gba ìgboro. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni tẹ́lẹ̀. Ó wá di orúkọ mọ́tò tí òyìnbó ti lò. Mẹkáníìkì abẹ́ igi ló wá ń tọ́jú wọn, ìmọ̀ mọ́tò àgbà sì ṣí lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀kan nínú wọn la lọ bá.

"Bàbá, ṣé tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná ni èéfín yẹn ń pọ̀, àbí lórí eré?"

"Tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná ni."

"Ẹ́ńjìnnì ò tíì kú, sà. Rọ́bà fáàfù ló ti gan. Ọ́ìlì ń jò gba ibẹ̀ lóru."

Nọ́ńbà ara ike ọ́ìlì náà ní ìtàn. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ l'Amẹ́ríkà, SAE, ló bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 1911. W dúró fún ìgbà òtútù. Nọ́ńbà tó ṣáájú ẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà òtútù. Èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Mọ́tò ìsinsìnyí tí ojú ọ̀nà ọ́ìlì wọn tín-ín-rín ni wọ́n ṣe 0W-20 fún. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ, ó máa ń tètè yọ́ kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni 20W-50 lè ki jù fún mọ́tò tuntun.

A ṣí ìwé tó bá mọ́tò wá. Ó ya àtẹ ojú ọjọ́: bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ni ọ́ìlì ṣe lè ki tó. 15W-40 la mú. Àmọ́ ọ́ìlì tó ki ò lè tún rọ́bà tó gan ṣe, mẹkáníìkì pààrọ̀ ìyẹn kọ́kọ́.

Èéfín ti lọ. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, Bàbá fúnra wọn ló wà á lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ka ìwé mọ́tò yín kẹ́ ẹ tó sanwó.