Láti Inú Wáyà dé Orí Fóònù: Ìtàn Bí Eré Ìdárayá Yunifásítì Ṣe Ń Dé Ojú Àwọn Ará Àríwá Èkìtì

Ayédé-Èkìtì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́, ní àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní agbègbè tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọyẹ́-Èkìtì, FUOYE, ní ọgbà méjì sí, ọ̀kan ní Ọyẹ́, èkejì ní Ìkọ̀lé, láti ìgbà tí ìjọba ti dá a sílẹ̀ ní 2011. Ará Ayédé tó bá ní agbára láti san owó àsansílẹ̀ DStv lè jókòó sínú pálọ̀ rẹ̀ kó máa wo eré láàárín yunifásítì Amẹ́ríkà méjì tí kò dé rí, nítorí pé ESPN ti ní ìkànnì méjì nílẹ̀ Áfíríkà lórí DStv láti oṣù Keje 2020, eré àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sì wà lára ohun tó ń gbé jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí FUOYE bá bá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó wà ní Adó pàdé lórí pápá, ó ṣòro kí ẹni tí kò bá dìde lọ síbẹ̀ rí eré náà lórí ìkànnì kankan. Kì í ṣe àìsí ẹ̀rọ nìkan ló fa èyí. Ọ̀nà tí owó gbà wọ inú eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní orílẹ̀-èdè méjèèjì ló yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì máa ń kó ara wọn jọ sínú àjọ ìdíje, ìyẹn ẹgbẹ́ tí yunifásítì mẹ́jọ, mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dá sílẹ̀, tí wọ́n ń bá ara wọn díje lọ́dọọdún, tí wọ́n ń pín owó tó bá wọlé, tí wọ́n sì ń fi ohùn kan bá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dúnàá-dúrà. Nàìjíríà kò ní irú rẹ̀ gan-an. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni NUGA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, tó ṣe ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn ní 1966, nígbà tí gbogbo yunifásítì ilẹ̀ yìí kò ju márùn-ún lọ: Ìbàdàn, Nsukka, Ifẹ̀, Zaria àti Èkó. Àwọn pólì ní NIPOGA tiwọn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà sì ní NICEGA. Àjọ ìdíje ti Amẹ́ríkà jẹ́ ẹgbẹ́ oníṣòwò, NUGA sì dà bí ọdún ìbílẹ̀: àkókò rẹ̀ á pé, ilé-ẹ̀kọ́ kan á gbàlejò, àwọn yòókù á wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a, wọ́n á fi ọjọ́ mélòó kan díje, oníkálukú á sì padà sílé.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ díìṣì ni ilẹ̀ Yorùbá ti mọ ohùn tó ń gba inú wáyà wọlé, tí onílé ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Rediffusion ló gbé e wá: àpótí kékeré inú ilé tí wáyà so mọ́ ibùdó ìgbéròyìn, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, tó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Onílé kò lè yí àpótí náà sí ibùdó mìíràn. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ló máa gbọ́, owó kan náà ló sì máa san, ì báà jẹ́ ìròyìn ló wù ú, ì báà jẹ́ orin tàbí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion ló bá a dòwò pọ̀, ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ ni àwòrán ń gbà, ẹni tó bá sì ti ní ẹ̀rọ kò ní owó oṣooṣù tó máa san. Ìgbì tó ń gbé àwòrán máa ń rìn tààrà, òkè sì máa ń dí i lọ́nà. Ìbàdàn jìnnà, òkè kò sì wọ́n ní Èkìtì, nítorí náà rédíò alábátìrì ló kọ́kọ́ jẹ́ ojú àti etí fún ọ̀pọ̀ ará àríwá Èkìtì. Ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976 ni ìgbéròyìn ìpínlẹ̀ sún mọ́ wọn dé Àkúrẹ́, ó sì tún sún mọ́ wọn dé Adó lẹ́yìn tí Èkìtì di ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996. Ní gbogbo àkókò yìí, eré yunifásítì kì í sábà ju gbólóhùn díẹ̀ lọ ní ìdí ìròyìn: ta ló gbàlejò, ta ló kó góòlù jù, ta ló jà.

Ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, ohun tó ń ba àwọn alákòóso lẹ́rù ni pé tẹlifíṣọ̀n á lé èèyàn kúrò ní pápá. NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì níbẹ̀, wá fi òfin dín iye eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n lè fi hàn kù, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, títí tí àwọn aláṣẹ Yunifásítì Oklahoma àti ti Georgia fi pè é lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 1984 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ohun tí NCAA ń ṣe lòdì sí òfin ìdíje ọjà, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn yunifásítì àti àjọ ìdíje wọn lè máa ta eré wọn fúnra wọn. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ṣáájú ìdájọ́ yìí ni ẹgbẹ́ Houston Rockets mú Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó ní 1963, ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n yàn sínú NBA lọ́dún náà. Yunifásítì Houston ló ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì di olókìkí, ó sì bá wọn dé àṣekágbá ìdíje NCAA ní 1983 àti 1984, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pàdánù méjèèjì. Àjọ Southwest, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1914, ni Houston wà nígbà náà. Ọdún 12 lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, àjọ náà ti túká: Arkansas ló kọ́kọ́ jáde lọ bá àjọ SEC, lẹ́yìn náà Texas, Texas A&M, Texas Tech àti Baylor lọ dá Big 12 sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Big Eight, ìyókù sì fọ́n káàkiri. Houston yí àjọ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀kẹta rẹ̀ sì ni Big 12 ọ̀hún tó wọ̀ ní 2023.

Wáyà ló fà á. ESPN, ìkànnì eré ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wo eré nìkan. Ilé-iṣẹ́ oníwáyà máa ń di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkànnì pọ̀ tà fún onílé, ó sì ń yọ iye kan fún ESPN lórí onílé kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, débi pé ìyá àgbà tí kò mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù rí róbótó tàbí ó rí gígùn ń san án bí ọmọ rẹ̀ tó ń pariwo níwájú tẹlifíṣọ̀n ṣe ń san án. Ìlànà àpótí Rediffusion ni, owó ibẹ̀ ló yàtọ̀. Nígbà tí àwọn àjọ ìdíje rí i bẹ́ẹ̀, àwọn náà dá ìkànnì tiwọn sílẹ̀: Big Ten ní 2007, SEC ní 2014, ACC ní 2019. Big Ten gba Rutgers àti Maryland wọlé ní 2014, kì í ṣe pé àwọn méjèèjì mọ bọ́ọ̀lù gbá ju àwọn tó wà nílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nítorí àìmọye ilé tó ń sanwó wáyà ní agbègbè New York àti Washington. Irú owó yìí wà lára ohun tó ń gbé eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ ró níbẹ̀, kódà ní àwọn àjọ tí kò lówó tó Big Ten. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, wà ní yunifásítì UTEP ní Texas nígbà tó gba ipò kìíní nínú eré afòdènà 100 mítà ti NCAA ní 2017, ọdún márùn-ún kó tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 gba ipò olùyára-jùlọ lágbàáyé nínú eré náà.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í já wáyà sílẹ̀, tí wọ́n ń wo eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí oníkálukú sì ń san kìkì ohun tó fẹ́, owó ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ẹni tí ìyà rẹ̀ jẹ jù ni Pac-12, àjọ etíkun Pàsífíìkì tó ti wà láti 1915, tí ìkànnì tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012 kò dé ilé tó pọ̀ tó. Ní 2023, Apple fi àdéhùn kan lọ̀ wọ́n tí iye owó inú rẹ̀ yóò tẹ̀ lé iye èèyàn tó bá forúkọ sílẹ̀ láti wò ó. Púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì náà wo ìwé náà títí, wọ́n sì sá. Nígbà tó fi máa di 2024, mẹ́wàá nínú méjìlá ti lọ, Stanford àti California tó wà létí Pàsífíìkì sì ti di ọmọ ẹgbẹ́ ACC, àjọ tó ń fi òkun Àtìláńtíìkì ṣe orúkọ. Àwọn ará Ayédé lóye irú àkójọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni jagunjagun Eṣùbíyì kó àwọn ará Ìyè àti àwọn àwùjọ mìíràn tí ogun ti tú ká jọ sábẹ́ adé Àtá, ìlú náà sì wà síbẹ̀ di òní. Ogun ló so ìyẹn pọ̀. Owó ló so ti àwọn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Nàìjíríà, òfin 1992 tó dá NBC, àjọ tó ń ṣàkóso ìgbéròyìn, sílẹ̀ ló ṣí ìgbéròyìn sílẹ̀ fún aládàáni, MultiChoice, ilé-iṣẹ́ tó ni DStv, sì wọlé ní 1993. Kò sí wáyà abẹ́ ilẹ̀ kankan tó dé Ayédé. Díìṣì ni, dikódà ni, owó oṣù rẹ̀ sì ga ju agbára àgbẹ̀ àti olùkọ́ lọ. Ibi tí àwọn èèyàn gbé yanjú rẹ̀ ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á ra dikódà kan ṣoṣo, á to bẹ́ńṣì sínú yàrá tí wọ́n fi páànù tàbí pákó kọ́, á gbé tẹlifíṣọ̀n méjì sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí i, á sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́nu ọ̀nà, pátákó dúdú kan máa ń wà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ eré ọjọ́ náà sí, orúkọ ẹgbẹ́ méjì lọ́tùn-ún àti lósì, aago láàárín, iye owó nísàlẹ̀. Eré Champions League sábà máa ń wọ́n ju ti ọjọ́ lásán lọ, ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn ìsinmi ìdajì lè ná an. Níbẹ̀, ẹni tó wò ó nìkan ló ń sanwó, ó sì ń san án ní eré kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà ń pè ní ọ̀nà tuntun lónìí, onílé ìwòran ti ń fi jẹun tipẹ́.

Ìjà lórí ẹ̀tọ́ ìgbésáfẹ́fẹ́, ìyẹn àṣẹ tí onílé-iṣẹ́ kan ń rà pé òun nìkan lòun lè fi eré kan hàn, kò sì fi àwọn onílé ìwòran àti oníbàárà sílẹ̀. Ní 2007, HiTV, ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba bọ́ọ̀lù Premier League ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ DStv lọ́wọ́. Ní 2010 ó padà sọ́dọ̀ DStv, HiTV sì kógbá sílé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Dikódà rẹ̀ di ẹrù lásán nílé àwọn tó rà á.

Nínú gbogbo ríra àti títà yìí, kò sẹ́ni tó fi owó gidi lọ NUGA. Ìjọba, owó akẹ́kọ̀ọ́ àti onígbọ̀wọ́ ló ń gbé e ró, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sì ti da ètò rẹ̀ rú léraléra. Èyí tí Yunifásítì Èkó gbàlejò ní oṣù Kẹta 2022 wáyé nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ti ilẹ̀kùn kíláàsì láti oṣù Kejì, tí kò sì ṣí i títí di oṣù Kẹwàá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò tà náà ni kò sẹ́ni tó lè torí rẹ̀ sá kúrò níbẹ̀. FUOYE kò ní fi NUGA sílẹ̀ lọ wá àjọ mìíràn nítorí pé kò sí owó kankan tó ń dúró dè é níta.

Ó wá di orí fóònù. Fóònù GSM dé Nàìjíríà ní 2001, nígbà tó sì di 2024, Showmax ti ń ta Premier League fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó lórí fóònù nìkan, láìní díìṣì, láìní dikódà. Yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023 ti sọ jẹnẹrétọ̀ onílé ìwòran di ìnáwó ńlá, èyí tó yẹ kó ran fóònù lọ́wọ́, àmọ́ ní oṣù Kìíní 2025 ni ìjọba fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tí wọ́n ń gbà, dátà pẹ̀lú. Fóònù gan-an nílò iná, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní agbègbè yẹn. Àìsí i ló mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUOYE ṣe ìwọ́de ní Ọyẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2019, ẹ̀mí sì bá a lọ.

Síbẹ̀, fóònù ṣe ohun kan tí NTA, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, díìṣì àti ilé ìwòran kò ṣe: ó jẹ́ kí ẹni tó wà létí pápá lè fi eré ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ han ẹni tó wà nílé. Ó ti di àṣà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti gbé fóònù sókè, kí wọ́n tẹ Facebook, kí wọ́n sì máa fi Yorùbá àti píjìn ròyìn eré láàárín ẹ̀ka ẹ̀kọ́ méjì fún ìwọ̀nba èèyàn tó bá ń wò. Lára àwọn tó gbìyànjú láti sọ irú eré bẹ́ẹ̀ di ọjà ni HiFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tí àwọn UAM Tillers láti yunifásítì ọ̀gbìn ti Makurdi sì gba ife rẹ̀ àkọ́kọ́. Níbẹ̀, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹgbẹ́, UNILAG Marines, OAU Giants, UI Pioneers, ìlànà tó jọ ti Amẹ́ríkà dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ onígbọ̀wọ́ tó fẹ́ polówó ọjà ni owó rẹ̀ ti ń wá ju ọwọ́ òǹwòran lọ. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sì jókòó ti NUGA lọ́la láti ra ẹ̀tọ́ ìgbésáfẹ́fẹ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣírò ni iye tó yẹ kó san lórí eré tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní Ìkọ̀lé ti ń fi fóònù gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́.